Ìjókòó Kẹta Lápá Òsì

Kò sí ohun tó ń bí Abẹ́rẹ́ nínú tó ìjókòó kẹta lápá òsì nínú bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀. Kì í kúkú ṣe bàbá rẹ̀ ló ni bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú ló ni ín, bàbá rẹ̀ kàn ń wà á ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí ọkùnrin náà ṣe ń fi aṣọ rírọ̀ nu dígí rẹ̀ láràárọ̀ á mọ̀ pé ó ti gba bọ́ọ̀sì náà lọ́mọ. Abẹ́rẹ́ ló ń tún àwọn ìjókòó inú rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, kó rán awọ bo ìjókòó mọ́tò, kó sì ki fóòmù tuntun sí èyí tó bá ti rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ rẹ̀ gan-an nínú gáréèjì. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí abẹ́rẹ́ tó máa ń há sí ètè bó bá ń ṣiṣẹ́, àti nítorí ẹnu rẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

Àwọn ìjókòó yòókù máa ń gbó bí ìjókòó ṣe ń gbó. Ti ẹ̀kẹta lápá òsì yàtọ̀. Ẹnì kan ń fi èékánná họ ọ́ ya. Láàárín gan-an, níbi tí ẹni tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé àti ẹni tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ti pààlà, awọ á ti ya, wọ́n á sì ti já fóòmù jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìẹ. Ó rán an, wọ́n ya á. Ó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún ya á. Lọ́jọ́ kan sùúrù rẹ̀ tán. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ti ibi ìdárayá bọ̀.

"Ta ló ń jókòó síbẹ̀ yẹn?"

Àwọn méjì ló dúró. Èyí tó ga tó sì fẹ̀ ni kípà ẹgbẹ́ náà, Ògiri ni wọ́n ń pè é. Èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í dúró síbì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi kódà bó bá wà lórí ìdúró. Abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀fúùfù ni gbogbo ìlú ń pè é nítorí bó ṣe máa ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá lára àwọn èèyàn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun tí àwòrán rẹ̀ kò sí lára ògiri.

"Èwo nínú yín ló ń họ ìjókòó mi bí ológbò?"

Ẹ̀fúùfù wo Ògiri. "Ṣé ẹ ò rí ọwọ́ ẹ̀ ni? Ọwọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló ń dì mú."

Ògiri la ẹnu, ó pa á dé, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Èmi ni o, àǹtí. Ẹ má bínú. Ọwọ́ ló burú."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún họ ọ́, màá rán ọwọ́ náà mọ́ ọn. Ẹ óò sì máa gbé ìjókòó wọ pápá."

Ẹ̀fúùfù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Abẹ́rẹ́, nítorí ó gbé e délé. Bó ṣe ń fọ abọ́ ló ń gbọ́ ọ, bó ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbọ́ ọ, inú sì ń bí i pé òun ń gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀fúùfù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá gáréèjì láìnídìí. Ó wá wá ìbọ̀sẹ̀ tó gbàgbé. Ó wá wò ó bóyá wọ́n ti tún ìjókòó ṣe. Nígbà tó yá kò sọ ìdí mọ́, ó kàn ń wá ni. Á dúró, á rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, á padà, á fi ẹsẹ̀ gbé róòlù òwú sókè, á máa ta á lórí orúnkún.

"Jókòó," Abẹ́rẹ́ á wí.

Á jókòó. Kí Abẹ́rẹ́ tó na òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọkùnrin náà ti tún dìde.

"Kí ló ń lé ẹ?" ó bi í léèrè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìgbà yẹn, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

"Mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́. Ilé àǹtí mi, ilé kóòṣì, ilé tí ẹgbẹ́ bá gbà fún wa, kò síbi tí mo ti tú ẹrù mi tán rí. Bí mo bá jókòó, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ń pè mí níbòmíì."

"Nísinsìnyí náà?"

Ó wò ó. Ojú rẹ̀ tí kì í dúró síbì kan wá dúró. "Nísinsìnyí, ó dín kù."

Ẹni tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí létí, tó sì ní òun máa sùn lóru ọjọ́ náà, irọ́ ló ń pa. Abẹ́rẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Màmá rẹ̀ tètè fura. Obìnrin tó bá ti bí ọmọ, tó tọ́ ọ, kò nílò kí wọ́n tú u fún un. "Wọ́n ní ẹ̀fúùfù kan ń fẹ́ ní gáréèjì," ó wí bó ṣe ń ká aṣọ. "Ṣé ó ń fẹ́ lásán ni, àbí ó ń fẹ́ ọmọ mi?"

"Màmá!"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ ní ilé mi, ó yẹ kí n mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Ògiri ni Ẹ̀fúùfù rán sí Bàbá láti tọrọ Abẹ́rẹ́. Àwọn ará gáréèjì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, pé èyí ni Ògiri àkọ́kọ́ táwọn máa rí tó ń lanu tìtorí ìyàwó oníyàwó. Ògiri kò dá wọn lóhùn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fún un lọ́rùn, ó sì lọ bá Bàbá níbi tó ti ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Abẹ́rẹ́ wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ síta ní fèrèsé.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ògiri parí. Ó nu ọwọ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé mo ti gbọ́."

"Kí ni kí n sọ pé ẹ wí, sà?"

"Pé mo ti gbọ́."

Nígbà tí Ògiri lọ tán, Bàbá gòkè wá, ó jókòó sórí ìjókòó dírẹ́bà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wò ó nínú dígí. Bó ṣe máa ń bá èèyàn sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì nìyẹn.

"Ó wù ẹ́?"

"Ó wù mí, Bàbá."

"Kì í ṣe torí pé agbábọ́ọ̀lù ni o. Mo ti ń gbé agbábọ́ọ̀lù látìgbà tó o ṣì ń rákò. Jàgùdà wà nínú wọn, ọmọlúàbí sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tèmi kéré. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò mi, á ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, dírẹ́bà.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá borí, ọmọkùnrin yẹn á kí mi débi pé á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀n mí. Bí wọ́n bá nà wọ́n, á bá iwájú mi kọjá bí ẹni pé mọ́tò ló ń wa ara ẹ̀."

"Inú ló ń bí i nígbà yẹn, Bàbá."

"Ta ni inú kì í bí? Ilé ọkọ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń borí lójoojúmọ́. Ìdajì èèyàn ni mo rí lára ẹ̀. Ìdajì tó dáa ni, mi ò jiyàn. Ìdajì yòókù ńkọ́? Ta ló máa fẹ́ ìyẹn?"

Abẹ́rẹ́ wo ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, ọmọdé ì báà gun orí igi, kò ní rí i, bàbá rẹ̀ sì ti jókòó fún ọdún gbọọrọ, pẹ̀lú dígí níwájú.

"Ọjọ́ tó bá kí mi lẹ́yìn tí wọ́n nà án, kó kó àwọn ẹbí ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ògiri náà ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Èèyàn tí wọ́n bá rán létí pé kó kí èèyàn, ọjọ́ yẹn nìkan ló máa kí i. Tó o bá sọ ọ́, kò kà mọ́."

Bí ìdùnnú Abẹ́rẹ́ ṣe di àìbalẹ̀ ọkàn nìyẹn o. Ṣáájú ìgbà náà, kò bìkítà bí ẹgbẹ́ ìlú borí, kò bìkítà bí wọn ò borí. Ní báyìí, ohun tí kò sí ọmọbìnrin tó ń gbàdúrà fún ló ń gbàdúrà fún. Ó ń gbàdúrà pé kí wọ́n na àyànfẹ́ òun.

Wọ́n sì nà án. Ẹgbẹ́ kan wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi góòlù mẹ́ta lé wọn dànù níwájú àwọn èèyàn wọn. Abẹ́rẹ́ dúró ní gáréèjì, ó di ìdì òwú kan mú bí ẹni tó fẹ́ tà á. Bọ́ọ̀sì dé. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, orí wọn wà nílẹ̀. Kóòṣì kí Bàbá. Ògiri tí wọ́n gbá góòlù mẹ́ta wọlé lé lórí kí Bàbá. Ẹ̀fúùfù yọ lẹ́yìn wọn, báàgì léjìká.

"Kí Bàbá," Abẹ́rẹ́ ń wí nínú ọkàn rẹ̀. "Jọ̀ọ́. Kí wọn."

Ó bá iwájú Bàbá kọjá. Ó bá iwájú Abẹ́rẹ́ náà kọjá, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Bàbá mú aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìjókòó kẹta lápá òsì ti ya. "Ògiri!" Abẹ́rẹ́ figbe ta, ó sì fi ìbínú tó jẹ́ ti ẹlòmíì bú Ògiri títí àánú rẹ̀ fi ṣe é.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ pe Ẹ̀fúùfù. Ó wá sọ fún Abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, kò tiẹ̀ lè dúró sójú kan kó tó sọ ọ́ tán. Inú rẹ̀ ń dùn, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìparí sáà bọ́ọ̀lù ọ̀hún, màá wá. Màá kó ẹbí mi wá bá Bàbá. Ṣé o máa dúró?"

"Ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn."

"Àjò ò lè dùn kí onílé má relé. Màá máa pè ẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

Abẹ́rẹ́ wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ahọ́n òun alára, ọ̀rọ̀ tí ì bá tún ayé òun ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e mì. Ó bá a kó aṣọ tó rán fún un sínú báàgì, ó sì sin ín dé títì.

Lẹ́yìn tó lọ, Abẹ́rẹ́ pààrọ̀ awọ ìjókòó kẹta. Ògbólógbòó awọ náà, tó ti ya láàárín, kò dà á nù. Bí àwọn oníṣẹ́ awọ ṣe ń ṣe nìyẹn: èyí tó bá gbó ni wọ́n fi ń wọn tuntun gé, wọ́n á wá fi kọ́ sára ògiri de ọjọ́ mìíràn. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, Ẹ̀fúùfù ń pè. Áà, ó ń pè! Tí wọ́n bá ti borí, fóònù á dún, ohùn rẹ̀ á máa fò lókè bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Ó gbá góòlù wọlé. Ilé tí wọ́n fún un ní fèrèsé tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Òtútù ibẹ̀ ń bu èèyàn jẹ. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ á rẹ́rìn-ín títí òwú á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí wọ́n bá nà wọ́n, fóònù kò ní dún.

Ó pẹ́ kó tó yé e. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó yá, kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe gbá a mọ́. Tí fóònù bá ti dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ti mọ̀ pé wọ́n ti lu àyànfẹ́ òun níbì kan, pé ó wà nínú iyàrá olófèrèsé ńlá yẹn, kò sì fẹ́ kí òun mọ̀. Tó bá wá pè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ṣe bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò sí nínú kàlẹ́ńdà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Kò sí nǹkan kan. Fi ìyẹn sílẹ̀. Gbọ́ nǹkan tí mo ṣe lónìí!"

Lẹ́yìn náà ìkùnà dé lóòótọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sísàlẹ̀ líìgì, kóòṣì tuntun dé, wọ́n fi Ẹ̀fúùfù sórí bẹ́ǹṣì. Fóònù Abẹ́rẹ́ dákẹ́ bí òkúta. Ó pè é, ó dún dún dún, kò gbé e. Kò síbi tí ọkàn rẹ̀ kò lọ. Nígbà mìíràn á ní obìnrin mìíràn ló ti rí lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn á ní ìbá tiẹ̀ sàn kó jẹ́ obìnrin, òun á mọ ẹni tí òun máa bá jà.

"Sáà ń parí lọ," Màmá rẹ̀ rọra wí. "Ṣé o ń gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́, Màmá."

"Ohun tí Bàbá ẹ wí yẹn, mo lè bá wọn sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n lè gbé e kúrò."

Abẹ́rẹ́ mi orí. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ sí ohun tó sọ. "Kí wọ́n má gbé e kúrò. Èmi náà ò fẹ́ ìdajì mọ́."

Ẹgbẹ́ ìlú wọn nílé kò sàn jùyẹn lọ. Láti ọjọ́ tí Ẹ̀fúùfù ti lọ ni gbogbo ará ọ̀nà ti ń nà wọ́n. Abẹ́rẹ́ gòkè bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án kan láti wo ohun tó bàjẹ́. Ó tẹ ìjókòó kìíní wò, ó tẹ ìkejì, ó dé ẹ̀kẹta, ó sì dúró. Awọ náà ń dán. Kò sí ojú èékánná kan lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Ògiri ṣì ń jókòó síbẹ̀, kò yí ipò padà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbá góòlù wọlé lé e lórí.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Ó ké sí Ògiri. Ògiri dé, ó wo ìjókòó, ó wo ojú rẹ̀, ó sì jókòó wọ̀ọ̀ sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.

"Ìwọ kọ́."

"Èmi kọ́, ìyàwó wa."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ti nà wá, kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Títí a ó fi délé ni á máa já fóòmù yẹn. Èmi á wojú fèrèsé, màá ṣe bí ẹni tí kò rí i."

"Kí ló dé tó o gbé e jẹ́? Mo bú ẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ nà ẹ́!"

Ògiri rẹ́rìn-ín. "Kípà ni mí. Ohun tó bá gba ara gbogbo èèyàn kọjá, èmi ni wọ́n ń bú. Ó ti mọ́ mi lára."

Abẹ́rẹ́ bínú wọnú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irọ́ ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá òun sọ láyé rẹ̀, irọ́ ni, ó sì gbé e lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí. Bàbá náà sì ti mọ̀, ó ti rí i nínú dígí, ó gbẹ́nu dákẹ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ògbólógbòó awọ tó wà lórí ìṣó. Ó já a sílẹ̀. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà, láìkọ nǹkan kan sí i, kó rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kí ojú tì í dénú egungun.

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì láti ká a. Ibi tó ya là sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó rí bí èékánná ṣe bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tó tún padà sójú kan náà, tó tún padà. Ẹni tó ń ṣe èyí, ìrora ń bẹ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun ti jókòó ti ìrora yẹn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí òun ń bú olówó rẹ̀, tí òun sì ń rán an. Kí òun tó bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ rárá ni òun ti ń rán an. Ìdajì yòókù tí Bàbá ń bèèrè, ìyẹn gan-an ló ti wà lọ́wọ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ títẹ̀, ó mú òwú pupa, kì í ṣe dúdú, kó lè hàn. Ó lẹ ibi tó ya náà pa, ó rán an yí po. Ó ká a, ó sì gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́.

Kò sí èsì. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí èsì. Ó ń fi òru ro ó lọ, ro ó bọ̀: bóyá kò dé, bóyá ó dé ó sì jù ú nù, bóyá ó tiẹ̀ rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Sáà ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Tí wọ́n bá borí nínú èyí, wọ́n á dúró nínú líìgì. Tí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á já sísàlẹ̀. Tí sáà bá sì parí, tí Bàbá kò rí ohun tó ń retí, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń rán etí ìjókòó ẹ̀yìn tó tú. Bàbá wà níwájú pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Ògiri sáré wọlé láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ojú rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́.

"Wọ́n ti já. Pẹ́nárítì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Òun ló gbá a. Ó gbá a lu òpó."

Bàbá ń nu dígí. Abẹ́rẹ́ tẹ orí ba, ó ń rán awọ tí kò rí mọ́. Fóònù kò ní dún lónìí. Ká ní ó borí nìkan ni ì bá dún.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò tí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè fi wẹ̀, kí wọ́n kó ẹrù, kí wọ́n sì wọ mọ́tò. Fóònù dún.

Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni tó rí ejò.

"Gbé e," Bàbá wí láìbojú wẹ̀yìn. "Kó tó já."

Ìró ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ gbọ́. Bọ́ọ̀sì ni. Bọ́ọ̀sì tó kún, tí kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n nà wá."

"Mo gbọ́."

"Èmi ni mo gbá a dànù. Mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Mo kàn ní kí n pè ẹ́ ni. Kì í ṣe Ògiri o. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe Ògiri."

"Mo ti mọ̀."

"Mo rí nǹkan tó o fi ránṣẹ́. Ó ti pẹ́. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú ń tì mí. Àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́, mo mú un dání wá."

Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò ní ètè rẹ̀. "Kí ni ọwọ́ ẹ ń ṣe báyìí?"

"Ọ̀kan di fóònù mú. Èkejì wà lórí òwú pupa."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gba Abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́.

"Ṣé Bàbá wà nítòsí? Jọ̀ọ́, gbé e fún wọn."

Ó gbé e fún Bàbá níwájú. Fóònù náà pariwo débi pé gbogbo wọn ń gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá iwájú yín kọjá, ẹ forí jì mí."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí, ojú rẹ̀ le. "Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni, sà. Dírẹ́bà ibí ló ń wò mí nínú dígí ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń wò mí gẹ́lẹ́. Òun nìkan ló ń wò mí nínú mọ́tò yìí."

Bàbá gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o ti kí i?"

"Kò gbọ́ èdè wa, Bàbá."

"Mi ò bi ẹ́ nípa èdè. Ṣé o ti kí i?"

Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń gba àárín ìjókòó kọjá, ẹsẹ̀ tó ń lọ́ra nítorí ojú gbogbo èèyàn ti wà lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì túbọ̀ ń dún létí wọn. Wọ́n sì gbọ́ ohùn Ẹ̀fúùfù, ketekete, ní èdè ilé rẹ̀, láàárín àwọn tó jìnnà sílé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, dírẹ́bà."

Ohùn àgbàlagbà kan sọ nǹkan kúkúrú, ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú gáréèjì kò gbọ́ rí.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní o ṣeun."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?" Ògiri bèèrè.

"Kí ni dírẹ́bà míì fẹ́ sọ?" Bàbá da fóònù padà fún ọmọ rẹ̀, ó sì yíjú sí i pátápátá, kò gba inú dígí wò ó lọ́tẹ̀ yìí. "Sọ fún un kó kó àwọn ẹbí ẹ̀ wá. Kó sì gé èékánná ẹ̀ kó tó wọ ilé mi."

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù sétí. Ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó mọ̀ pé ó ṣì dúró níwájú mọ́tò níbẹ̀, pé kò mọ ohun tó kàn.

"Ṣé o gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Padà lọ síbi ìjókòó ẹ. Má gbé fóònù sílẹ̀."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà lọ, ó gbọ́ nígbà tí awọ ìjókòó ké lábẹ́ rẹ̀. Ó dúró kó gbọ́ bóyá yóò tún dìde bó ṣe máa ń ṣe. Kò dìde. Abẹ́rẹ́ fi fóònù há àárín etí àti èjìká, ó mú etí ìjókòó tó ń rán, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.